Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Ará Kútọnu?

Ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Ayétòrò lọ sí Abẹ́òkúta kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Níbi tí wọ́n ti dá wa dúró, ọ̀kan nínú àwọn tó wọ yunifọ́ọ̀mù yọjú wọ inú ọkọ̀, ó kí wa. Màmá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ohùn Yewa dá a lóhùn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ ará Kútọnu."

Nínú gbogbo ẹrù tó wà nínú ọkọ̀, àpò gaàrí Màmá nìkan ni wọ́n tú. Èmi tí mo ka òfin ní yunifásítì, mo ní kí n ṣe bí lọ́yà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Abala 42 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 fún un, èyí tó ní wọn ò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà torí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ibi tó ti wá. Ó wò mí bí ẹni ń wo TikTok.

Màmá ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ọkọ̀ gbéra ló gbé orin. Kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì o! Ohùn ẹ̀fẹ̀ ni. Ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n tú gaàrí, wọn ò rí ìbọn, ẹni tó mu gaàrí láàárọ̀ ló ń bèèrè ibi tí gaàrí ti wá. Kí a tó dé Láfẹ́nwá, gbogbo ọkọ̀ ti ń gbè é. Mo yọ fóònù, mo gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Èkó lè rò pé àwàdà lásán ni ẹ̀fẹ̀. Ní ilẹ̀ Yewa àti Kétu, òru ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Akọrin á jáde sí ọjà, á júbà àwọn ìyá, lẹ́yìn náà ló máa kan olè, alágbèrè, olóyè àti ìjọba lábùkù lójú gbogbo ìlú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ mú un. Abala 308 dáàbò bo gómìnà, òru ẹ̀fẹ̀ dáàbò bo akọrin. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn.

Àwọn tó sọ wá di àjòjì ò sì jìnnà. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sí àárín wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá jọ ti ẹnu bodè ti di onífàyàwọ́. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ ní November 2019 pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè, ṣé onífàyàwọ́ nìkan ló ń ra epo níbẹ̀ ni?

Gloria Anzaldúa mọ irú ìlà yìí. Gúúsù Texas ni wọ́n bí i sí, ilẹ̀ tó jẹ́ ti Mẹ́síkò tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ àjòjì ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé wọ́n fi rúlà gbá òun lọ́wọ́ nílé ìwé torí pé òun sọ Spanish. (Àwa tí a ti san owó ìtanràn vernacular rí, ẹ kú ìrántí.) Nínú Borderlands/La Frontera, tó jáde ní 1987, ó po ewì àti àròkọ pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Spanish, ọ̀pọ̀ ibi ni kò sì túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí ni mo fẹ́ kọ, kí n sì dákẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo tún gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ tó kẹ́yìn. Màmá ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, kí wọ́n lọ mú àwọn Àgànyìn tó ń bá òun túlẹ̀ lóko, àwọn ni olè. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Abala 42 tí mo ń kà bí ẹyẹ ayékòótọ́ yẹn, ọmọ Nàìjíríà nìkan ló bá wí. Abala 34, tó ní iyì jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti jẹ́ èèyàn, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ohùn kan sì wà nínú àwọn tó ń gbe ẹsẹ náà tó ròkè ju ti ìyókù lọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lójú pé tèmi ni.