Èrè wà nínú ìyẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti dè é ni kí oníṣẹ́ ṣọ́

Oníbàárà tó bá gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìdànrè pé òun fẹ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní spoiler, kì í sábà béèrè ju ohun méjì lọ: ṣé yóò rẹwà, èló sì ni? Ìbéèrè kẹta, tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀, ló ṣe pàtàkì jù: bí afẹ́fẹ́ bá gbá a mú lójú títì Àkúrẹ́, ṣé kò ní já? Ìyẹ́ tó já lórí eré lè pa ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ṣe é ni wọn yóò sì máa dá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọkọ̀ àtòpọ̀ jù lọ, ìyẹn èyí tí wọ́n fi fàíbà ṣe ara rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lé férémù àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn. Volkswagen Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó lọ́dún 1975, wà lára àwọn tí wọ́n ti lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Àwọn ẹnjiníà ti dán ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wò kó tó jáde. Ti ọkọ̀ àtòpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ oníṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Kí ni ìyẹ́ ń ṣe? Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń gba orí rẹ̀ kọjá máa ń fẹ́ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, táyà kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa. Ìyẹ́ ló ń dín èyí kù. Nígbà tí Audi TT ń ní ìjàm̀bá lórí eré àsápajúdé ní Jámánì, láàárín 1999 sí 2000 ni ilé-iṣẹ́ náà pe àwọn ọkọ̀ ọ̀hún padà, wọ́n fi ìyẹ́ kékeré sí ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú àwọn àtúnṣe mìíràn.

Ṣùgbọ́n eré ló ń fún ìyẹ́ lágbára. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹ́ tó gùn ní mítà 1.2, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, lè tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bíi kílò 4 lórí eré kìlómítà 60 ní wákàtí. Lórí 120, ó lè tó kílò 16. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kọ́nà inú ìlú Ìdànrè, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Kí oníṣẹ́ sọ òtítọ́ yìí fún oníbàárà.

Àwọn ọ̀gá nínú eré ìje pàápàá ti jìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, 1969, ní Montjuïc, Barcelona, ìyẹ́ gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ Lotus méjì, ti Graham Hill àti ti Jochen Rindt, ṣẹ́ lórí eré níbi tí títì ti gun òkè tó sì tún sọ̀. Hill yọ, Rindt ṣèṣe. Kí oṣù náà tó parí, àwọn aláṣẹ ìje ti fòfin de ìyẹ́ gíga.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Wọ́n á fi pákó tàbí fóòmù gbẹ́ àwòrán rẹ̀, wọ́n á há a kó dán, wọ́n á fi wáàsì pa á, kí wọ́n tó ya mọ́ọ̀dù lára rẹ̀. Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń tẹ́ màátì fàíbà ní ìpele-ìpele pẹ̀lú rẹ́sìn, tí wọ́n ń fi rólà lé afẹ́fẹ́ jáde. Catalyst gíráàmù 10 sí 20 tó fún rẹ́sìn kílò kan. Bí oòrùn bá mú, kó dín. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé accelerator àti catalyst kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn, nítorí wọ́n lè bú gbàmù. Kí wọ́n po accelerator mọ́ rẹ́sìn tán kí catalyst tó wọ̀ ọ́. Ibi tí bóòtì yóò gbà, kí wọ́n sin irin pẹlẹbẹ sí àárín fàíbà.

Bí wọ́n ṣe ń dè é

Páànù ìdérí búùtù kò nípọn tó mìlímítà kan. Bóòtì tó dá dúró lórí rẹ̀ yóò fà á ya. Irin pẹlẹbẹ mìlímítà 3 ni kó wà lábẹ́ rẹ̀, kí wáṣà rọ́bà sì dí ihò kí omi má wọlé. Lára ọkọ̀ oní-fàíbà, ẹsẹ̀ ìyẹ́ gbọ́dọ̀ kan férémù irin nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, nítorí náà ìyẹ́ kò gbọ́dọ̀ dí ihò afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ bo nọ́mbà tàbí iná bíréèkì.

Ìdánwò kan wà tí kò náni lówó: kí wọ́n rọra gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50, lé ìyẹ́ náà. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí afẹ́fẹ́ yóò gbé lé e lórí eré 120 lọ. Kí wọ́n sì fà á sẹ́yìn àti sókè. Bí yóò bá ṣẹ́, ó sàn kó ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìṣirò owó

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń gbé gbogbo owó mọ́ọ̀dù lé oníbàárà àkọ́kọ́ lórí, oníbàárà á sì sá. Ká ní mọ́ọ̀dù náni ní N60,000, tí wọ́n sì retí láti fi ṣe ìyẹ́ 10. N6,000 ni kí wọ́n kà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá fi owó rẹ́sìn, màátì, bóòtì, ọ̀dà àti owó iṣẹ́ lé e. Irú ọkọ̀ tó pọ̀ ládùúgbò ni kí wọ́n ya mọ́ọ̀dù fún. Ọkọ̀ àtòpọ̀ tí kò ní èkejì kò nílò rẹ̀: kí wọ́n fi fàíbà bo fóòmù tí wọ́n gbẹ́, kí fóòmù náà sì wà nínú rẹ̀. Kó má ṣe jẹ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, nítorí rẹ́sìn máa ń jẹ ẹ́.

Kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé kí oníbàárà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tún bóòtì fún un le lọ́fẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà, ẹni tó bá sì padà wá fún un ni yóò mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá.