Kọ̀ǹpútà àti Ọ̀tun Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Fádèyí, tí ẹ sì yà wọ inú Ṣómólú, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò pàdé yín. Ibẹ̀ ni a ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú, orí kọ̀ǹpútà ni a sì ti ń tò wọ́n kí wọ́n tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé Ọjọ́bọ̀ ni òní, òkú yóò wọlẹ̀ lọ́la, ìwé kò tíì jáde, kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ síwájú yín pé Windows tuntun ti dé, ṣé kí òun gbà á wọlé? Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni ẹ ó tẹ̀?

Windows ni ọ̀gá tí ń darí gbogbo ètò yòókù. Bí ọ̀gá bá yí padà, ètò tí ẹ fi ń to ìwé àti èyí tí ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀ lè máà mọ ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2018, Microsoft gbé àtúnṣe ńlá kan jáde fún Windows 10. Àwọn kan gbà á wọlé, ìwé wọn sì pòórá. Ohun tí ó fà á ni pé wọ́n ti sọ fún kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ pé kí ó máa kó ìwé wọn sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ìwé díẹ̀ ṣì kù sí àyè àtijọ́, bí ẹni tí ó kó lọ sí ilé tuntun tí ó gbàgbé àpótí kan sí yàrá àtijọ́. Àtúnṣe náà rò pé yàrá ti ṣófo, ó sì wó o tòun ti àpótí. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, Microsoft dá a dúró. Ó di ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá kí wọ́n tó tún gbé e jáde. Wọ́n ní bí ẹnì kan nínú 10,000 ni ó fi ẹ̀sùn náà sùn. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni náà! Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan tí ó dán an wò ṣáájú ti kígbe, igbe wọn kò sì ta sí wọn létí.

Ẹ má gbọ́ mi sódì o. Àtúnṣe kéékèèké tí ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé kò yẹ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft dí irú ihò bẹ́ẹ̀ kan; nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, WannaCry gba ibẹ̀ wọ àwọn kọ̀ǹpútà tí a kò tíì tún ṣe, títí kan ti àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí ńlá ni kí ẹ fún ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ tó gbà á, ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín sórí fláàṣì, ẹ ṣí ẹ̀dà náà wò, kí ẹ sì rí i pé iná kò ní lọ láàrin rẹ̀. Ní ti Ọjọ́bọ̀ yìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ pé ó di ìgbà mìíràn, kí àwọn olóòkú lè rí ìwé wọn gbà.