Iṣẹ́ Ìtúpalẹ̀ Dátà l'Ékòó: Owó Oṣù, Owó Orí àti Ọ̀nà Ìgbéga

Ní Èkó, ẹni méjì lè jókòó ti tábìlì kan náà ní báǹkì kan náà, kí àwọn méjèèjì máa tú àkọsílẹ̀ kan náà palẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí owó oṣù ọ̀kan sì tó ìlọ́po méjì ti èkejì. Báǹkì fúnra rẹ̀ ló gba ẹni àkọ́kọ́ síṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi òṣìṣẹ́ háyà ló gba èkejì, tó sì fi í ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń mú wọlé ní ìpínlẹ̀ náà, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́, kó sì wo bóyá náírà ni wọ́n fi ń sanwó tàbí dọ́là. Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Nígbàkígbà tí oníbàárà bá fi káàdì rajà, tó bá fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, tàbí tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ bá já ọjà sílẹ̀, àkọsílẹ̀ kan ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Atúpalẹ̀ dátà ló ń kó àkọsílẹ̀ wọ̀nyí jọ, tó ń tò wọ́n, tó sì ń sọ ohun tí wọ́n ń wí fún ọ̀gá. Ká ní ilé-iṣẹ́ ohun mímu kan rí i pé ọjà òun ń wálẹ̀ ní Mushin. Ọ̀gá ti ń pariwo pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ tó ń tajà. Atúpalẹ̀ wá so àkọsílẹ̀ ọjà títà mọ́ àkọsílẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì rí i pé Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ọkọ̀ ń dé àdúgbò náà, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn ọlọ́jà ti ń tà tán. Ọjọ́ méjì gbáko ni fíríìjì wọn fi ń ṣófo, tí oníbàárà ń mu ti ẹlòmíràn. Kò sí ọ̀lẹ kankan níbẹ̀. Ètò ọkọ̀ ni kò dára.

Ibi tí iṣẹ́ wà

Báǹkì ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ yà sí, nítorí Marina àti Victoria Island ni olú ilé-iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tóbi jù wà. Láti ọdún 2011 ni owó ti ń kúrò ní báǹkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ní 2014 ni BVN bẹ̀rẹ̀, tó so gbogbo àkáǹtì ẹnì kan pọ̀ mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nígbà tí owó bébà wá ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, kódà alátẹ ata ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ há ara igi ìsọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló di àkọsílẹ̀ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tò.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí ẹ̀rọ ló tẹ̀lé báǹkì. Interswitch ti wà láti 2002. Paystack bẹ̀rẹ̀ ní 2015, Flutterwave ní 2016. Nígbà tí Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack ní 2020 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, mo rò pé ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ òbí dẹ́kun bíbéèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn pé kí ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe mọ́jú.

Èyí tí àwọn ọmọ tuntun kì í sábà ronú kàn ni àwọn tó ń ṣe ọjà tàbí tó ń kó o: ilé-iṣẹ́ ọtí ní Ìgànmú, ti oúnjẹ ní Ìlúpéjú àti Ìkẹjà, àwọn akẹ́rù èbúté Àpápá, àti ilé-ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń kọ́ òwò jù. Ní báǹkì ńlá, o lè fi ọdún méjì ṣe ìròyìn ojoojúmọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kì í kà tán. Ní ilé-iṣẹ́ ọtí, bí ìṣirò rẹ bá ṣì láàárọ̀, ọkọ̀ á ti gbé ọjà lọ síbi tí wọn kò nílò rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Ohun tó ń wọ àpò

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni òfin dá sí. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000 ní oṣù Keje 2024. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde ₦85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Àgùnbánirọ̀ ń gba ₦77,000 lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fi í sí ẹ̀ka dátà, kó máa ṣe iṣẹ́ odindi òṣìṣẹ́ lórí ìlérí pé wọn yóò gbà á bó bá sìn tán.

Lókè ìyẹn, ìdúnàádúrà ni. Ìpolówó iṣẹ́ l'Ékòó kì í sábà dárúkọ iye. Wọ́n á ní owó náà dára, wọ́n á sì bi ọ́ léèrè iye tí ìwọ ń retí. Kó o tó dáhùn, béèrè bóyá iye tí wọ́n ń sọ jẹ́ kí wọ́n tó yọ owó orí tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́, torí àlàfo àárín méjèèjì kò kéré.

Ẹ jẹ́ ká fi òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026 ṣírò rẹ̀. Ká ní ìwé ọmọ kan kọ ₦300,000 lóṣù, owó iṣẹ́, owó ilé àti owó ọkọ̀ pọ̀. ₦3,600,000 nìyẹn lọ́dún. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, tó jẹ́ ₦288,000. Agbanisíṣẹ́ á fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un. Bí ọmọ náà bá ń san ₦1,000,000 fún ilé lọ́dún, òfin gbà kó yọ ìdá 20 owó ilé náà, ₦200,000, kúrò nínú ohun tí wọn yóò gba owó orí lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí kò gbọdọ̀ kọjá ₦500,000 fún ẹnikẹ́ni. Ó ku ₦3,112,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e ń san ìdá 15, ìyẹn ₦330,000. ₦112,000 tó kù ń san ìdá 18, ìyẹn ₦20,160. Àpapọ̀ owó orí ọdún jẹ́ ₦350,160, ₦29,180 lóṣù. Bí wọ́n bá yọ ìyẹn àti ₦24,000 ìfẹ̀yìntì, tí wọn kò sì yọ nǹkan mìíràn, ₦246,820 ni àkáǹtì yóò rí.

Lóṣooṣù ni owó yìí ń wọlé, ṣùgbọ́n ọdún ni onílé Èkó ń gbà. Òfin ayálégbé ti 2011 kò fàyè gba kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì yọ Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ilé mílíọ̀nù kan tí a fi ṣàpẹẹrẹ yìí á jẹ owó oṣù mẹ́rin àti díẹ̀, kí ejẹ́ńtì àti lọ́yà tó na ọwọ́ tiwọn. Ìdí nìyí tí àwọn báǹkì tó ń san owó ilé lódindi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún fi ń rí òṣìṣẹ́ mú dání, bí owó oṣù wọn kò tilẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn. Àwọn tó ń gbé lọ́nà jíjìn ní ìrọ̀rùn díẹ̀ báyìí: rélùwéè Marina sí Mile 2 ti ń gbé èrò láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ti Agbádó sí Oyíngbò láti oṣù Kẹwàá 2024.

Ní ti dọ́là, oṣù Kẹfà 2023 ló yí gbogbo nǹkan padà. Kí Báǹkì Àpapọ̀ tó tú okùn náírà sílẹ̀, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi ₦460 lọ lọ́jà ìjọba. Nígbà tó di 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó jókòó sí Súrùlérè, tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè ní 500 dọ́là lóṣù, rí ₦230,000 di ₦750,000 láìsí ìgbéga kankan. Ẹni tó ń gba náírà kò rí irú rẹ̀, òun sì tún ni ọ̀wọ́n-gógó ọjà ń jẹ níyà: ní oṣù Kejìlá 2024 ó ti tó ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ṣùgbọ́n kò sí agbanisíṣẹ́ tó ń bá ẹni tó ń gba dọ́là yọ owó orí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ owó tó wọlé fún un sílẹ̀ fún àjọ owó orí Ìpínlẹ̀ Èkó, LIRS, kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó kọjá lọ́dọọdún.

Bí wọ́n ṣe ń gòkè

Excel ló ń mú ènìyàn wọlé, SQL, èdè tí a fi ń fa àkọsílẹ̀ jáde láti ibi ìpamọ́ dátà, ló ń jẹ́ kó dúró. Power BI, tó ń sọ dátà di àwòrán, dùn-ún wò lójú ọ̀gá, àmọ́ ẹni tí kò lè fúnra rẹ̀ wọ ibi ìpamọ́ dátà lọ fa ohun tó ń wá jáde yóò máa dúró de ẹlòmíràn ni. Ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀ka ìṣirò tàbí ètò ọrọ̀-ajé ní UNILAG kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tó kọ́ ọ fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá ti gbé ìdánwò SQL síwájú àwọn méjèèjì. Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ní ìtúpalẹ̀ dátà nínú ohun tó ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Èrè rẹ̀ ni pé ènìyàn pọ̀; ìṣòro rẹ̀ náà nìyẹn, torí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń dù.

Ẹnu ọ̀nà náà sì ń dín. Ẹ̀rọ AI ti ń kọ SQL kéékèèké, nítorí náà iṣẹ́ pé kí ọmọ tuntun kàn fa ìròyìn jáde kò lè pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó mọ ìdí tí POS fi ń kọ owó ní Alábà lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀gá. Àwọn mìíràn ń yà sí iṣẹ́ kíkọ́ ibi ìpamọ́ dátà, àwọn kan sí ìdáàbòbò dátà, èyí tí òfin oṣù Kẹfà 2023 sọ di dandan fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́.

Fún àwọn tí ilé-iṣẹ́ mìíràn fi háyà, ohun kan ṣì wà tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Òfin ìfẹ̀yìntì de ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí òṣìṣẹ́ máa wo àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bóyá owó ń wọ ibẹ̀ lóòótọ́. Òun ló ni àkáǹtì náà, yóò sì máa bá a lọ láti iṣẹ́ dé iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò rí òmíràn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀.