Bí Ògiri Kò Bá Lanu

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó ti ń di egbò láàrin àwa tí a ń pe ara wa ní onígbàgbọ́.

Nínú ìpàdé ọmọ ìlú kan tí a bá wọn jókòó níbẹ̀, akápò dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Owó àjọ ọdún Kérésìmesì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò pé mọ́. Ó ti fi ra ọjà tirẹ̀, ọjà náà kò sì tà. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí, iṣẹ́ Èṣù ni." Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀kọ, tí owó tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣé ọ̀dọ̀ Èṣù ni kí n ti lọ gba owó mi ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè yẹn ni a gbé délé. Àwáwí akápò wa ti pẹ́ láyé. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 3, Ádámù nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó tún fi ọgbọ́n di ẹ̀bi ru Ọlọ́run tó fún un ní ìyàwó. Éfà náà nawọ́ sí ejò. Nínú Ẹ́kísódù orí 32, Áárónì sọ fún Mósè pé òun kàn da wúrà sínú iná ni, ni ère ọmọ màlúù bá jáde. Bẹ́ẹ̀, orí kan náà ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé ọwọ́ Áárónì fúnra rẹ̀ ló fi irin iṣẹ́ ṣe é.

Jákọ́bù là á mọ́lẹ̀ fún wa nínú orí 1, ẹsẹ 13 sí 15. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹ̀bi ìdẹwò ru Ọlọ́run, pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tó wà nínú kálukú ló ń fà á lọ. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ yẹn ló ń lóyún, tó ń bí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ dàgbà tán, ó bí ikú. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò dárúkọ Èṣù nínú ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó di orí 4 kí ó tó dárúkọ rẹ̀, ohun tó sì sọ níbẹ̀ ni pé bí a bá gbéjà kò ó, sísá ni yóò sá. Ẹni tó lè sá fún wa, ṣé òun náà ló di ọwọ́ wa mú tó fi kó owó àjọ?

A kò sọ pé Èṣù kò sí. Apẹja a máa fi ìdẹ sẹ́nu ìwọ̀, ṣùgbọ́n ẹja ló ń la ẹnu fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ti sọ ọ́: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Àwa tí a wà lájò, ìdẹwò wa ní ojú tirẹ̀. Ẹni tó fi ìyàwó sílé láti ọdún pípẹ́ a máa sọ pé ta ló mọ òun níhìn-ín. Ẹni tó ń fi kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọlé wọn ìrẹsì a ní bí ọjà ṣe rí nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì bẹ́yìn yọ, a ó ní àwọn ará ilé ló ń ṣe wá. Jósẹ́fù náà wà lájò. Wọ́n tà á sí Íjíbítì ni, kò sí ará ilé kan tí ì bá gbọ́ ohun tó ṣe nílé Pọ́tífárì. Síbẹ̀, nígbà tí obìnrin náà di aṣọ rẹ̀ mú, ó fi aṣọ sílẹ̀, ó sá jáde. Ẹ̀wọ̀n ni ó sì fi jẹ. Ẹni tó bá ní kíkọ ẹ̀ṣẹ̀ kì í náni ní nǹkan kò sọ òótọ́.

Àwọn kan yóò ní ebi ló fà á, owó ilé ìwé ọmọ ló fà á. A kò ní bá wọn jiyàn pé ìyà kò sí. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù sọ nínú Kọ́ríńtì kìn-ín-ní orí 10 pé Ọlọ́run a máa la ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà kékeré ni: kí akápò tètè sọ pé ọwọ́ ń dun òun, kí ẹni méjì jọ máa tọ́jú owó, kí ó wà ní báńkì. Ní ti èyí, ìpàdé náà jẹ̀bi, nítorí láti oṣù January ni wọ́n ti kó owó lé ọwọ́ ẹnì kan láìsí ìwé. Àwọn náà dá sí ògiri tó lanu. Síbẹ̀, ẹ̀bi tiwọn kò pa ẹ̀bi tirẹ̀ rẹ́.

Nígbà tí Sámúẹ́lì bi Sáúlù léèrè ọ̀rọ̀ àwọn ará Ámálékì, àwọn èrò ni Sáúlù kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Nígbà tí Nátánì dojú ọ̀rọ̀ kọ Dáfídì, Dáfídì gbà pé òun ló ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì kò kéré, ṣùgbọ́n kò wá ẹni tí yóò bá a ru ú. Sákéù ní tirẹ̀ ṣe ju ẹnu lọ: ó ní òun yóò dá owó tí òun rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Akápò wa náà tún dìde ní ìpàdé kejì. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní, "Èmi ni mo ná an." Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń san án. Owó ìyá ẹlẹ́kọ ni ó kọ́kọ́ san tán. Nígbà tí ìyá gbà á, ó kà á, ó wá gbàdúrà fún un.

Kí Olúwa fún wa ní okun láti sá nígbà tó yẹ ká sá, kí ó sì fún wa ní ẹnu láti jẹ́wọ́ nígbà tí a bá kùnà. Àmín.