Orin Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kì í ṣe ti owó àjẹṣẹ́kù tàbí ẹ̀yáwó.

Láìpẹ́ yìí ni a lọ wo ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọlọ́jà wa ní ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ẹ̀rọ ni ó ń bá a mí. Rọ́bà wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, kò lè fọhùn. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ dá a lára yá, ó tan orin sókè. Ńṣe ni ìyá ń mi orí, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, irú orin wo ni Màmá máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn?” Àpàlà ni. Wọ́n yí i sí àpàlà, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá fi ń fi ìka lu bẹ́ẹ̀dì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Florence Nightingale, gbajúmọ̀ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀ ní 1859. Ní 2013, Linda Chlan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 373 tí ẹ̀rọ ń bá mí, ní ọsibítù 5. Àwọn tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ orin tó wù wọ́n, nígbà tó wù wọ́n, ìbẹ̀rù wọn dínkù, oògùn amúnisùn tí wọ́n lò náà sì dínkù ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú lásán lọ.

Kí ló fà á? Ẹni tó wà nípò yẹn kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ẹ̀rọ ń ké, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Orin nìkan ni ó lè sọ pé òun fẹ́ tàbí òun kò fẹ́.

Nítorí náà:
1. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó tan orin.
2. Ẹ bi aláìsàn. Bí kò lè sọ̀rọ̀, kí ó fún yín lọ́wọ́ tàbí kí ó ṣẹ́jú.
3. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ lo èyí tí à ń fi sétí, nítorí aláìsàn kejì.
4. Bí ó bá fajú ro, ẹ pa á.

Ara ìyá wa ti ń yá. Oògùn àti ìtọ́jú ni ó wò ó, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orin rán an létí pé èèyàn ni òun. Ẹ bi àwọn òbí yín lónìí, orin wo ni wọ́n fẹ́ràn? Ẹ má dúró dìgbà tí wọn kò ní lè dáhùn.

Ọlọ́run á fún gbogbo wa ní àlàáfíà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́