Pípààrọ̀ Ẹ̀yà Inú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Láìfara Pa, Láìba Ẹ̀rọ Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sójú ìwé lọ́dún yìí kì í ṣe ti nahwu tàbí ti sarfu. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, pàápàá jù lọ kọ̀ǹpútà àtijọ́, irú èyí tí ó ní àpótí onírin ńlá tí a máa ń gbé mọ́nítọ̀ lé lórí.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ni a fẹ́ fi ògbólógbòó ẹ̀rọ ṣe. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ni ó ṣì ní ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Inú rẹ̀ ni wọ́n tẹ ìbéèrè ìdánwò ọdún pípẹ́ sí, inú rẹ̀ ni orúkọ àwọn tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí wà, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì sí níbòmíràn. Àwọn ètò ìtẹ̀wé Lárúbáwá tí a ṣe fún Windows 3.1 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kì í ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní bí wọ́n ṣe wà. Nítorí náà, bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, kì í ṣe irin lásán ni ó dákẹ́. Lọ́jọ́ tí ó bá dákẹ́, ọmọ kan tí ojú rẹ̀ yá yóò mú sìkúrúdíráfà, yóò ní òun fẹ́ wo inú rẹ̀. A kò ní kí ó má wò ó. A fẹ́ kí ó mọ ohun tí ó ń fọwọ́ kàn ni.

Ohun méjì ni kí ẹni tí ó fẹ́ tú kọ̀ǹpútà fi sọ́kàn. Ibì kan wà nínú àpótí náà tí ó lè pa ènìyàn. Ibì kan sì wà tí ènìyàn lè pa láìmọ̀. Ìṣọ́ra tí a ń lò fún èkíní kọ́ ni a ń lò fún èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bẹ̀rù ibi tí kò léwu, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ líle mú ibi tí ó yẹ kí wọ́n rọra.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó lè pa ènìyàn. Bí a bá ṣí ìdérí àpótí náà, a ó rí àpótí onírin kékeré kan ní igun ẹ̀yìn, tí fáànù wà lára rẹ̀, tí wáyà iná ara ògiri sì ń wọ inú rẹ̀. Òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní páwà-páàkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ iná 230 fóltì di iná kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń lò. Wáyà pupa tí ó jáde láti inú rẹ̀ ń gbé fóltì 5, wáyà yẹ́lò ń gbé 12, dúdú sì ni ojú ọ̀nà àbọ̀ wọn. Àwọn wọ̀nyí kò lè pa ènìyàn, bí bátìrì mọ́tò kò ṣe lè pa ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Inú páwà-páàkì gan-an ni ewu wà. Ohun kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní kapásítọ̀, tí ó ń tọ́jú iná pamọ́, tí agbára ohun tí ó ń tọ́jú sì tó nǹkan bí 320 fóltì. Ẹ wò ó bí ìkòkò omi: bí a bá ti ẹ̀rọ omi pa, èyí tí ó ti wà nínú ìkòkò kò ní tìtorí ìyẹn gbẹ. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ó lè ṣì kù nínú kapásítọ̀ fún ìṣẹ́jú púpọ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ohun tí ó yẹ kí ó máa fà á gbẹ bá ti bàjẹ́. Òfin tiwa ni pé ọmọ ilé-kéú kan kò gbọdọ̀ tú páwà-páàkì. Bí ó bá bàjẹ́, ẹ tú sìkúrúù mẹ́rin tí ó dì í mọ́ ẹ̀yìn àpótí, ẹ yọ odindi rẹ̀, kí ẹ sì fi odindi mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn kan yóò sọ pé, ‘Iná kò kúkú sí, ẹ jẹ́ kí a tú u.’ Iná tí wọ́n mú lọ kì í ṣe púlọ́ọ̀gì tí a yọ. Wọ́n lè mú un dé nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà nínú ẹ̀rọ, aládùúgbò sì lè tan jẹnẹrétọ̀ tí ẹ jọ ń lò. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ṣáájú irú èyí tí wọ́n ń pè ní ATX, tí ó jáde ní ọdún 1995, odindi iná ara ògiri ni ó máa ń gba wáyà nípọn kan láti páwà-páàkì wá sí ibi súwíìṣì iwájú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì fọwọ́ kan ìdí súwíìṣì yẹn nígbà tí iná wà nínú rẹ̀ ti fọwọ́ kan iná ògiri. Ti ATX kò rí bẹ́ẹ̀, súwíìṣì tirẹ̀ kéré, kò sì léwu. Ṣùgbọ́n fóltì 5 kan ṣì ń ṣọ́nà lórí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí púlọ́ọ̀gì bá wà lára ògiri, ó sì tó láti ba ẹ̀yà tí a fẹ́ fi sí i jẹ́. Yálà èkíní ni o, yálà èkejì ni, púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ yọ, kí ẹ sì gbé e síbi tí ẹ ti lè máa rí i.

Ohun kan ṣì wà lára páwà-páàkì yìí tí ó ti ba ẹ̀rọ tòkunbọ̀ púpọ̀ jẹ́ ní ìlú wa. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ẹ ó rí súwíìṣì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 115 sí apá kan rẹ̀, tí wọ́n kọ 230 sí apá kejì. Amẹ́ríkà ń lo iná nǹkan bí 120 fóltì. 230 ni tiwa. Ẹ̀rọ tí ó bá ti Amẹ́ríkà wá yóò wà lórí 115, bí a bá sì kì í bọ iná bẹ́ẹ̀, kapásítọ̀ inú rẹ̀ yóò gba ìlọ́po méjì ohun tí ó lè gbà. Ìró kan, èéfín díẹ̀, ó parí. Ẹ fi orí sìkúrúdíráfà ti súwíìṣì náà sí 230 kí púlọ́ọ̀gì tó wọ ògiri. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan ni, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Ti mọ́nítọ̀ onígíláàsì ńlá, a kò ní sọ púpọ̀. Ẹ má ṣí i rárá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá fóltì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó máa ń wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú rẹ̀, irú Macintosh tí Apple gbé jáde ní ọdún 1984. Ẹni tí ó bá ṣí i ti ṣí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbé e fún àwọn tí ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe.

Ó wá ku apá kejì, èyí tí ènìyàn lè pa láìmọ̀. Nígbà ọyẹ́, bí a bá ń bọ́ aṣọ náílọ̀n lóru, a máa ń gbọ́ kí ó máa ta ṣáṣá, nígbà mìíràn a tilẹ̀ máa ń rí i kí ó máa tan yẹ̀rì. Iná ni. Ara wa ń kó o jọ bí a bá ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí bí aṣọ bá ń fi ara ra ara. Ó tó nǹkan bí 3,000 fóltì kí àwa tó mọ̀ ọ́n lára, bẹ́ẹ̀ ni ọgọ́rùn-ún mélòó kan, àní kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, lè ba ẹ̀yà kékeré inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Ìyẹn ni pé ọwọ́ wa lè pa á, kí a má sì gbọ́ ohunkóhun. Èyí tí ó tún burú ni pé kì í fi gbogbo ìgbà kú lójú ẹsẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, tí a ó wá máa dá ẹni tí ó tà á fún wa lẹ́bi.

Kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀yà kankan, kí a kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí náà níbi tí wọn kò kùn ní ọ̀dà, kí a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lóòrèkóòrè. Ẹ wọ aṣọ òwú, ẹ dúró lórí ilẹ̀ lásán, ẹ má máa rìn káàkiri. Etí ni kí ẹ fi mú ẹ̀yà tuntun, kí ẹ má sì yọ ọ́ kúrò nínú àpò dídán tí ó bá wá títí ẹ ó fi fẹ́ fi í sí àyè rẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ kan ní kí a fi púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ lára ògiri kí wáyà ilẹ̀ lè máa fa iná yìí lọ. Àwa kò fara mọ́ ọn, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, wáyà ilẹ̀ tí ó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kò dé ilẹ̀ kankan.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ tí ó máa ń gbé ènìyàn dé inú ẹ̀rọ jù lọ ni ti bátìrì. Bátìrì kékeré kan wà lórí motherboard, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Òun ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ gbàgbé aago, ọjọ́ àti irú hard disk tí ó ní. Nínú àwọn ẹ̀rọ 386 àti ọ̀pọ̀ 486, nọ́ńbà ni ènìyàn máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ wọlé láti júwe hard disk: iye cylinders, heads àti sectors rẹ̀. Bí bátìrì bá kú, nọ́ńbà wọ̀nyí lọ. Ìwé inú hard disk kò lọ o. Ẹ̀rọ ni kò mọ ọ̀nà débẹ̀ mọ́. Ibí yìí ni àdánù ti máa ń wáyé: ẹni tí kò mọ̀ yóò ní hard disk ti bàjẹ́, yóò fọmáàtì rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu iṣẹ́ ogún ọdún. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ wọ ibi ètò rẹ̀, ẹ da nọ́ńbà wọ̀nyí kọ sórí pépà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí náà.

Oríṣi bátìrì méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, CR2032 ni orúkọ rẹ̀: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 3.2, agbára rẹ̀ jẹ́ fóltì 3. Ẹ fi ohun oní-rọ́bà tì í jáde, kì í ṣe sìkúrúdíráfà, nítorí pé irin lè yọ̀ kí ó sì ha pátákó. Apá tí wọ́n kọ nǹkan sí ni ó ń kọjú sókè. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi èyí tí ẹ yọ sílẹ̀ fún ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì péré. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Oríṣi kejì rí bí àgbá kékeré, wọ́n sì jó o mọ́ motherboard. Fóltì 3.6 ni tirẹ̀, òun gan-an sì ni ọ̀tá àwọn ẹ̀rọ ọjọ́ orí yẹn. Bí ó bá pẹ́, á máa jò. Ohun tí ń jò náà bá omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú tan, ó sì ń jẹ bàbà orí pátákó títí yóò fi já. Bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ ewé tí ó hó yí i ká, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀mú tí ó ń gé wáyà gé e kúrò, ẹ fi fínígà díẹ̀ lórí òwú nu ibẹ̀ kí ó lè pa agbára rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípíríìtì tí kò ní omi púpọ̀ nu fínígà kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Kódà bí bátìrì náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ yọ ọ́ kí ó tó jò. Ẹ má ṣe jó CR2032 sí àyè rẹ̀ o! Ẹ̀rọ náà máa ń rọ iná padà sínú bátìrì àkọ́kọ́, CR2032 kì í sì gba ìrọsínú. Ó lè bẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn pátákó yẹn ni ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin kékeré kan fún bátìrì ìta, níbẹ̀ ni ó yẹ kí tuntun wọlé sí.

Ti RAM kò le. Èyí tí ó ní ẹsẹ̀ 72 máa ń wọlé ní dídagun, a ó wá gbé e dúró títí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi dún kẹ́. Nínú ẹ̀rọ Pentium, méjì-méjì tí ó bára mu ni ó ń lò. Ti hard disk náà, ẹ wo wáyà rẹ̀ tí ó fẹ̀ bí ọ̀já: ilà pupa etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ kìíní. Bí hard disk ìgbà náà kò bá sí ní ọjà mọ́, káàdì CompactFlash pẹ̀lú ohun ìsopọ̀ kékeré kan lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó ṣáájú àárín àwọn ọdún 1990 kì í rí ju nǹkan bí 500 MB lọ lórí hard disk. Bí páwà-páàkì ni ẹ pààrọ̀ nínú irú èyí tí ó ṣáájú ATX, ẹnu wáyà méjì tí wọ́n kọ P8 àti P9 sí yóò wọ motherboard. Wáyà dúdú ti èkíní àti dúdú ti èkejì gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn láàárín. Ẹnu méjèèjì ṣe é kì bọ ibi òdì, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, motherboard lè jóná.

Kí ẹ tó tan án, ẹ ka sìkúrúù yín. Bí ọ̀kan bá dín, inú ẹ̀rọ ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan dúró ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn páwà-páàkì àwọn ọdún 1980 kan ní kapásítọ̀ tí wọ́n fi pépà ṣe; bí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́ lára fún ọdún pípẹ́, ó lè rú èéfín tí ó ń rùn gan-an láìpẹ́ tí iná bá dé inú rẹ̀. Bí ẹ bá gbóòórùn, púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ yọ, kì í ṣe pé kí ẹ máa wá súwíìṣì kiri, ẹ má sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórí iná kí ẹ jáde lọ kírun. Bí fáànù bá ń yí, tí nǹkan kò rùn, ẹ wọ ibi ètò, ẹ tẹ ọjọ́ àti aago, ẹ tẹ nọ́ńbà hard disk láti ara pépà tí ẹ lẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n pamọ́. Bí ó bá ti rí hard disk, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ìwé inú rẹ̀ kọ sí ibòmíràn ní ẹ̀dà méjì kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìbéèrè ìdánwò tuntun sórí rẹ̀.