Mọ́tò agolo tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́

Àwa ọmọ Yorùbá tí a dàgbà sí Dallas, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé ohun ìṣeré wo ló kọ́kọ́ wọ̀ wá lójú, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dárúkọ Hot Wheels. Mọ́tò kékeré tó wọ àtẹ́lẹwọ́, tí owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là kan lọ, tí màmá wa máa ń jù sínú kẹ̀kẹ́ ìrajà kí a lè dákẹ́ ẹkún.

Nílé tiwa, kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ni títì wa. A máa ń so ọ̀nà oníke aláwọ̀ ọsàn mọ́ apá àga, a ó jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́ wá sílẹ̀, a ó wá tú mọ́tò méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ògiri ló jáwé olúborí. Ṣùgbọ́n eré ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni bàbá wa ń ṣe, ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Bí ohùn wa bá ti ròkè díẹ̀, a ó gbọ́ ti màmá wa láti ilé ìdáná: “Ẹ má jí bàbá yín o!” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ bí a ṣe ń fi ẹnu pariwo ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ kí ohùn jáde.

Nígbà tí oòrùn Texas bá le ju kí a jáde lọ, lúdò ni a máa ń tẹ́. Àwọn Òyìnbó gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ òfin gba eré yìí, láti ara eré àwọn ará Íńdíà kan tí wọ́n ń pè ní pachisi, ṣùgbọ́n nínú ilé Yorùbá, bí ẹni pé tiwa ni látilẹ̀ wá. Àwa sọ ọ́ di eré ìje mọ́tò: ọmọ ayò pupa ni Ferrari, ẹni tí kò bá sì ta mẹ́fà, mọ́tò rẹ̀ kò tíì ṣáná. Bí ó bá jẹ́ Monopoly ni a gbé jáde, ìjà kọ́kọ́ ni, nítorí gbogbo wa la fẹ́ mú mọ́tò ìje. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mú bàtà.

Ọjọ́ tí Dádì jí

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí mọ́tò aláwọ̀ búlúù kan. Bàbá wa jí. A rò pé ẹgba ni. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n lọ sí ilé ìdáná, wọ́n mú agolo sàdíìnì tí màmá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n wá ìdérí ìgò mọ́ọ̀tì mẹ́rin, wọ́n fi ìṣó lù wọ́n ní àárín, wọ́n sì tú wáyà tí wọ́n fi ń fi aṣọ kọ́. Láàárín wákàtí kan, mọ́tò jókòó sílẹ̀ níwájú wa, okùn ní imú rẹ̀.

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń ṣe é ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Agolo mílíìkì ni ti ọmọ kékeré. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ a gé sìlípáàsì tó ti já ṣe táyà, a sì fi wáyà gígùn ṣe ọwọ́ ìdarí tí yóò fi máa tù ú lórí ìdúró. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lọ sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á sì fi sá eré àsápajúdé.

Àwa ńkọ́? Ẹ̀rín la bú sí. A ní, “Dádì, ó ń rùn bí ẹja.” Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé mọ́tò náà sí ojú fèrèsé, wọ́n padà lọ sùn. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ó bá pàǹtírí lọ. Wọn kò ṣe òmíràn fún wa mọ́.

Bàbá mìíràn ní London

Ẹ̀yìn tí a dàgbà tán ni a ka ìtàn Matchbox. Ọkùnrin kan ní London, Jack Odell, ní ọmọbìnrin kan. Ilé ìwé ọmọ náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ohun ìṣeré wá àfi èyí tó bá wọ inú páálí ìṣáná. Bàbá rẹ̀ fi idẹ ṣe katakata kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ títì, tó wọ inú páálí náà rẹ́gí. Àwọn ọmọ yòókù rí i, gbogbo wọn sì fẹ́ ní tiwọn. Láti ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Lesney, tí Odell wà lára àwọn tó ni ín, ti gbé Matchbox jáde ní 1953. Ní 1968, Mattel ní Amẹ́ríkà gbé Hot Wheels tirẹ̀ dé, mọ́tò 16 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1997, Mattel kan náà ló ni méjèèjì.

Ìtàn yìí gún wa lọ́kàn. Bàbá kan jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mọ́tò fún ọmọ rẹ̀: ohun tó bí mọ́tò tí à ń jà lé lórí nìyẹn. Ohun kan náà ni bàbá wa ṣe, a sì sọ ọ́ nù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fair Park

Ìlú tí a ń gbé yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọdọọdún ni à ń lọ sí Fair Park fún State Fair, láti jẹ corny dog kí a sì ya fọ́tò pẹ̀lú Big Tex. Díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ọkọ̀ Formula One sáré níbẹ̀ ní ọjọ́ 8, oṣù Keje, 1984. Wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ nítorí ooru, síbẹ̀ ooru náà tó 100 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ọ̀dà títì sì ń fọ́ lábẹ́ táyà. Keke Rosberg ló gba ipò kìíní. Nigel Mansell, tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ kú nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tì í, títí tó fi ṣubú lulẹ̀. Ipò kẹfà ni wọ́n kọ fún un. Formula One kò padà sí Dallas láti ọjọ́ náà.

Bí a bá ń wo fídíò rẹ̀, ọmọdé la máa ń rántí. Àgbà ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ ti mọ́tò, bí àwa ṣe ń tì í lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ béèrè kó tó pẹ́

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá ní là ń náání. Ọ̀pọ̀ Hot Wheels wa ti bá títà ọjà níwájú ilé lọ, kò sì dùn wá púpọ̀, nítorí òmíràn wà ní ọjà. Mọ́tò agolo kò sí ní ọjà kankan. Orí àti ọwọ́ àwọn òbí wa ló wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a rìn: agolo, ìdérí, ìṣó, wáyà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, bí ẹ bá lọ kí bàbá yín tàbí bàbá àgbà yín, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ṣeré nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ sórí fóònù.

Àwa náà ti béèrè. Ní ìgbà ìsinmi tó kọjá, a sọ fún bàbá wa pé a fẹ́ kọ́ ọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: “Ṣé sàdíìnì wà nílé?” Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọn kò sùn lọ́sàn-án mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa fi okùn wọ́ mọ́tò náà yí pálọ̀ po, ó ń pariwo ẹ́ńjìnnì lóhùn rara, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Ó ṣì ń rùn bí ẹja. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wà báyìí, a sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù.